Owó Ilé Ẹ̀kọ́ Wa: Ẹ Jẹ́ Ká Bèèrè Kí Òjò Tó Dé

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ìgbìmọ̀ kọmúnù wa máa tó jókòó lórí ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ wa máa jẹ fún oṣù méjìlá. Bí kíláàsì abúlé yín ò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ̀bẹ̀ tí ẹ bá wá bẹ̀ ní oṣù karùn-ún ò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́.

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a máa bi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń rò pé Kùtọnu ló ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, pé minísítà ló máa wá tún páànù tí afẹ́fẹ́ ṣí ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin 97-029, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999, ti pín iṣẹ́ náà. Kọmúnù ló ni kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tó jẹ́ ti ìjọba. Òun ló ni bẹ́ǹṣì àti tábìlì, òun náà ló ni àtúnṣe. Ìjọba orílẹ̀-èdè ń san owó oṣù olùkọ́, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sí kọmúnù. Ọdún 2008 ni àpò tí wọ́n pè ní FADeC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó bẹ́ẹ̀ wá. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ nìkan, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ra ọkọ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe ọjà. Orúkọ àpò lè yí padà, àmọ́ owó ọmọ wa ṣì ni.

Ẹni tó mú gègé náà ti yí padà, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ìjòyè wa ò tíì fi sọ́kàn. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2021 lórí àkóso àwọn kọmúnù mú iṣẹ́ ojoojúmọ́ kúrò lọ́wọ́ mẹ́ẹ̀rì, ó fi lé secrétaire exécutif lọ́wọ́. Òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ìnáwó báyìí. Mẹ́ẹ̀rì ṣì ni olórí ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ ló sì ń dìbò fún ètò ìnáwó. Ṣùgbọ́n ìjòyè tó bá ń lọ sílé mẹ́ẹ̀rì lálẹ́ ọjọ́ Àìkú láti lọ tọrọ kíláàsì mẹ́ta, ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ ló ń kàn. A ò ní kẹ́ ẹ má kí mẹ́ẹ̀rì o. Ẹ kí i dáadáa. Àmọ́ ẹ kọ ìwé sí secrétaire exécutif pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù padà.

Ibi tó ń dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ọdún ìnáwó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, ọdún ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, òjò ò sì bá ìkankan nínú wọn ṣe àdéhùn. Ẹ wá wo bó ṣe ń lọ. Ìgbìmọ̀ dìbò ní ìparí ọdún. Ìwé lọ sọ́dọ̀ préfet kó lè fọwọ́ sí i (ọpẹ́ ni pé láti ọdún 2016, Dassa níbí ni olú ìlú ẹkùn Collines, ìwé ò rìn jìnnà mọ́). Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pe àwọn kọ́lékọ́lé pé kí wọ́n wá díje, wọ́n á ṣí àpò ìwé, wọ́n á yan ẹnì kan, ẹni tí wọn ò yàn á fẹjọ́ sùn. Owó ìjọba náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ló ń dé. Nígbà tí kọ́lékọ́lé bá máa kó yanrìn dé abúlé, òjò ti dé, ọ̀nà ti bàjẹ́, bíríkìlà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lóko iṣu. Oṣù kẹsàn-án wọlé, ògiri ò tíì ju fèrèsé lọ. Àwọn ọmọ padà sábẹ́ àtíbàbà.

Àtíbàbà yẹn náà ńkọ́? Opó igi ni, koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ló wà lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Àwọn bàbá ọmọ á tún ún ṣe, àmọ́ lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú ní aago mẹ́wàá àárọ̀, olùkọ́ ò ní ohun méjì tó lè ṣe ju kó ní kí àwọn ọmọ máa sáré lọ sílé. Ọmọ tó wà ní kíláàsì tó ń lọ ṣe ìdánwò CEP ń pàdánù ẹ̀kọ́ gan-an lásìkò tí ìdánwò sún mọ́lé. Ìdánwò kan náà ni òun àti ọmọ Kùtọnu tó jókòó lábẹ́ páànù máa ṣe. Èwo wá ni ká máa sọ pé ọmọ oko ò ní làákàyè?

Ó tún ń ṣe wá ní kàyéfì pé òkúta ni Ọlọ́run fi kẹ́ wa. Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń kà fún Dassa. Àwọn ìyá wa ń fọ́ òkúta rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó o lọ kọ́ ilé níbòmíràn. Kì í ṣe ohun èlò ló wọ́n wa.

Nítorí náà, ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ṣe kedere: kí ìwé ìdíje fún kíkọ́ kíláàsì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dìbò, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí bíríkìlà wà nílé, tí ọ̀nà sì gbẹ. Èyí ò fi kọ́bọ̀ kan kún owó. Ìfarabalẹ̀ ló ń fẹ́.

Ó kan àwa òbí náà. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1990 sọ pé dandan ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti ọdún 2006 sì ni ìjọba ti mú owó ilé ìwé kúrò ní EPP. Síbẹ̀, owó kékeré kékeré ò tán: owó àtíbàbà, owó omi, owó ìdánwò, owó àríyá. A ò sọ pé kí òbí má dáwó. Nígbà tí ìjọba dá gbígba olùkọ́ dúró ní ìparí àwọn ọdún 1980, òbí ló ń san owó àwọn olùkọ́ abúlé, tí kì í bá ṣe tiwọn ni, ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ì bá ti tì. Ohun tí à ń sọ ni pé kí APE kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sórí pátákó, kí gbogbo ayé kà á. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ìyá ọmọ láìfún un ní reçu, kí ìyá ọmọ dì í mú kó ṣàlàyé.

Ilé ìdáná ńkọ́? Láti ọdún 2017 ni ètò PNASI ti ń bọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, PAM ló sì ń bá ìjọba ṣe é. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ń dé, àmọ́ igi ìdáná, omi àti obìnrin tó ń sè é, ọwọ́ abúlé ló wà. Àwọn ìyá tó ń jí lọ sè fún ọmọ ọlọ́mọ yìí, ǹjẹ́ a tilẹ̀ ń kí wọn?

A tún fẹ́ fẹnu kan eré àti àṣà, torí àwọn kan ń wò ó bíi fífi àkókò ṣòfò. Ìjọba ti dá kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ ní àwọn CEG káàkiri kọmúnù 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, ọmọ tó bá lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀lù tàbí ọwọ́ handball ń rí ọ̀nà níbẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ọjọ́ àṣà. À ń gba owó aṣọ lọ́wọ́ òbí, à ń háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ọmọ Ìdáàṣà á wá máa jó orin tó gbọ́ nínú tẹlifóònù, kò sì lè pa àlọ́ kan ní èdè ìyá rẹ̀. Àwa tí wọ́n fi signal kọ́ lọ́rùn rí nílé ìwé torí pé a sọ èdè ilé, a mọ ibi tí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń dán ìkọ́ni ní èdè abínibí wò láwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá sì wà lára wọn. Kò yẹ ká dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ fún wákàtí kan péré lọ́jọ́ àṣà. Ẹ sọ bí àwọn baba wa ṣe sá gun òkè nígbà ogun Dànhòmẹ̀ fún wọn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, olùkọ́ ò sì mọ̀ ọ́n tó yín.

Ọ̀kan ṣì kù tó jẹ́ tiyín gan-an, ẹ má bínú sí wa. Ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn baba yín fi ẹnu fún ìjọba ní ilẹ̀, wọn ò kọ ìwé. Lónìí, ọmọ-ọmọ ẹni tó fún wọn ń ta etí pápá bọ́ọ̀lù ní párísẹ́ẹ̀lì. Ní àwọn ibì kan, pápá ti di igun kan lásán. Bí ilẹ̀ ò bá sì ní ìwé, ẹni tó bá gbé ẹjọ́ dìde lè dá iṣẹ́ kíláàsì tuntun dúró tí owó ọdún yẹn á fi kọjá. Kí ìdílé tó fún wọn ní ilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé níwájú ọba àti olórí arrondissement, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà ṣì wà láyé.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọmúnù jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni lè wọlé jókòó kó sì gbọ́. Kí ó tó tó àkókò, a fẹ́ kí abúlé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, iye kíláàsì tó wà lábẹ́ àtíbàbà, iye ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀, àti bóyá ilẹ̀ náà ní ìwé. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, APE àti ìjòyè jọ fọwọ́ sí i. Ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. A máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ fún secrétaire exécutif àti fún olórí arrondissement kọ̀ọ̀kan, a ó sì tẹ orúkọ àwọn abúlé tó mú tiwọn wá sínú ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú ìdáhùn tí wọ́n bá fún wa.