Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ọkàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá jù lọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 2025, ọmọ àbúrò mi kan mú èsì ìdánwò rẹ̀ wá bá mi. Ó gba 187 nínú 400 ní JAMB. Ní WAEC, C5 àti C6 ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi han bàbá mi." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ta ni ó sọ fún ọmọ yìí pé ó ti kùnà? C6 ṣì jẹ́ kírẹ́díìtì, 150 sì ni òdiwọ̀n tí ó kéré jù tí JAMB fi lélẹ̀ fún yunifásítì ní ọdún náà. Ìka kò dọ́gba, síbẹ̀ gbogbo wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ lára ọwọ́.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí èsì náà, ó ní Òfin ni ọmọ òun yóò kà, ní yunifásítì aládàáni tí orúkọ rẹ̀ ń dún jù. Òun yóò ta ilẹ̀ ogún òun láti san owó ọdún kìíní. Mo bi í pé, "Ọdún kejì ńkọ́?" Kò dáhùn.

N kò bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni jà. Láti 1999 tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí mẹ́ta àkọ́kọ́, èyíinì ni Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, Igbinedion ní Okada àti Madonna ní Okija, wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò rí àyè ní ti ìjọba. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, kò kan tiwọn. Ṣùgbọ́n gèètì tí ó dára kọ́ ni ẹ̀kọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lójú tèmi, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a wò. Èkíní, ẹ wádìí bóyá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ gan-an ní ìfọwọ́sí NUC, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ náà nìkan. Bí ó bá jẹ́ Òfin, gbèdéke wà fún iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ sí Law School. Bí wọ́n bá gba ọmọ kọjá rẹ̀, àwọn kan lè jókòó sílé máa dúró de àyè. Èkejì, ẹ ṣírò owó gbogbo ọdún pọ̀, pẹ̀lú ilé gbígbé àti oúnjẹ. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yáwó NELFUND ní 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni wọ́n fún. Ẹ̀kẹta, ẹ má gbọ́ ti ẹni tí ó bá ní kò sí ohun tí ó kan JAMB nínú rẹ̀. Ọmọ tí JAMB kò bá fọwọ́ sí gbígbà rẹ̀ yóò rí ìṣòro bí àkókò àgùnbánirọ̀ bá dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan mẹ́ta péré, nítorí owó ni fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tí ó ga díẹ̀ ju máàkì ọmọ lọ, àti méjì tí ó bá a mu. Àwọn kan yóò ní kí ọmọ dúró, kí ó tún ìdánwò ṣe. Bí owó kò bá tó rárá, mo fara mọ́ ọn. Ọdún kan tí a fi dúró sàn ju kí a lé ọmọ kúrò ní ọdún kẹta lọ.

A kò tíì bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó fẹ́. Nígbà tí mo bi í, ó ní ìṣirò owó ni òun fẹ́ràn. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sílé, tí orúkọ rẹ̀ kò dún púpọ̀. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì ń hù lórí rẹ̀.

Ó dìgbà o.