Àwòrán Àwọn Ẹ̀dá Inú Eré Pokémon: Kí A Wò Ó Kí A Tó Dájọ́

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé ọdún yìí. A bẹ̀ yín kí ẹ má fi ojú ọ̀rọ̀ ọmọdé wò ó.

Ní Ẹ̀pẹ́ wa yìí, Ẹ̀pẹ́ ti Ṣagámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, kì í ṣe ti etí ọ̀sà ní Èkó, bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́, yóò rí àpò ìwé tàbí ẹ̀wù ọmọdé tí àwòrán ẹranko aláwọ̀ yẹ́lò kan wà lára rẹ̀. Etí rẹ̀ gùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ sì rí bí mànàmáná. Pikachu ni orúkọ rẹ̀. Inú eré kan tí àwọn ará Jàpáànì ṣe, tí wọ́n ń pè ní Pokémon, ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá ń ṣe eré náà a máa ṣọdẹ àwọn ẹ̀dá abàmì, a mú wọn, a tọ́ wọn, a sì fi wọ́n jà.

Ní sáà tí ó kọjá, a rí káàdì eré yìí nínú àpò ọmọ kan. A kò bèèrè ohunkóhun. A fa díẹ̀ ya nínú wọn lójú gbogbo kíláàsì, a ní haramu ni. Ọmọ náà kò sunkún. Ohun tí ó sọ ni pé, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an ni ó burú nínú wọn?" A ní kí ó lọ jókòó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé a kò mọ̀. A kò tíì fara balẹ̀ wo ẹyọ kan rí. Ọ̀rọ̀ náà bá wa dé ilé, ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí.

Kì í ṣe pé a kò ní ẹni tí a lè fi ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, Sheikh Abdul-Azeez Aal ash-Shaykh, tí ó jẹ́ Mùfùtí àgbà ilẹ̀ Saudi Arabia nígbà náà, àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fatwa pé kí Mùsùlùmí yàgò fún eré náà. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé káàdì rẹ̀ jọ tẹ́tẹ́, pé àmì ẹ̀sìn mìíràn wà nínú rẹ̀, àti pé bí àwọn ẹ̀dá náà ṣe ń yí padà jọ ẹ̀kọ́ Darwin. A bọ̀wọ̀ fún wọn, a kò sì tó ẹni tí ń tú ìdájọ́ wọn palẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé ìdí ni wọ́n sọ, wọn kò kàn pariwo. Ìdí sì ni ohun tí ènìyàn lè gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ìyípadà. Nínú eré náà, kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ Caterpie. Bí ó bá dàgbà, a wọ inú èèpo, a di Metapod, lẹ́yìn náà a di labalábá. Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ Darwin, ẹni tí ó bá ní igi ọsàn lẹ́yìn ilé ti rí i. Ìparadà ni Yorùbá ń pè é, àmì Ọlọ́hun sì ni. Ọ̀kan tún wà tí ó jẹ́ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi. Wọ́n ya nǹkan róbótó-róbótó sí i níkùn, nítorí pé awọ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tinrin, ìfun rẹ̀ sì ń hàn síta. Ẹni tí ó ya irú èyí ti wo odò dáadáa.

Satoshi Tajiri tí ó dá eré náà sílẹ̀, ọdẹ kòkòrò ni nígbà èwe rẹ̀ ní ẹ̀bá Tokyo, kí wọ́n tó kọ́ ilé bo oko àti adágún tí ó ti ń mú wọn. Àwa náà wa ìrẹ̀ nínú ihò, a sì lé tata kiri. Ilé ni ó wà ní ibi tí a ti wa ìrẹ̀ nígbà náà báyìí.

Ní ọdún 1996 tí eré náà jáde, ẹ̀dá 151 ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ti ọdún 2022 fi jáde, wọ́n ti lé ní 1,000. Eku, ẹyẹ, ejò àti ẹja pọ̀ nínú àwọn ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, ó kan áísìkiriìmù àti àpò pàǹtí ní ọdún 2010, ìdì kọ́kọ́rọ́ ní ọdún 2013, àti ife tíì ní ọdún 2019. Àwọn tí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ dàgbà ń sọ pé eré ti bàjẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Irin òòfà olójú kan àti òkìtì ẹrẹ̀ ìdọ̀tí wà nínú 151 tí wọ́n ń yìn. Bí àwa onílé-kéwú náà ṣe ń yin wàláà ayé àtijọ́ nìyẹn, tí a gbàgbé pàṣán.

Pikachu fúnra rẹ̀ ti yí padà. Nígbà tí Atsuko Nishida kọ́kọ́ yà á, ó sanra, ọrùn rẹ̀ kò hàn. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú fíìmù àwòrán, wọ́n tín-ín-rín rẹ̀ kí ó lè rọrùn láti yà bí ó ti ń rìn. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni: bí iṣẹ́ bá fẹ́ kí ó tín-ín-rín, yóò tín-ín-rín.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti Jynx. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, ojú rẹ̀ dúdú bí èédú, ètè rẹ̀ nípọn, ó sì tóbi. Ó jọ bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń fi èédú kun ojú láti fi ènìyàn dúdú ṣẹ̀sín lórí ìtàgé. Ní ọdún 2000, Carole Boston Weatherford, obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà tí ń kọ ìwé fún ọmọdé, kọ àpilẹ̀kọ kan. Ó tọ́ka sí ojú ẹ̀dá yìí gan-an, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó fi jẹ́ ẹ̀gàn. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, àwọn tí wọ́n ni eré náà pa àwọ̀ rẹ̀ dà, ó di àwọ̀ àlùkò títí di òní. Ẹ rò ó wò: ọmọ dúdú ni àwọn ọmọ wa, àwa tí a jẹ́ olùkọ́ wọn ń pariwo haramu lórí gbogbo káàdì, a kò sì rí ẹyọ kan tí ó ń bú wọn.

Ti tẹ́tẹ́ náà, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Nínú àwọn eré àkọ́kọ́, ilé kan wà tí ọmọdé ti lè ta tẹ́tẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n mú òfin le ní Yúróòpù lórí ohun tí ọmọdé lè rí nínú eré, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kò sí nínú eyí tí ó jáde ní ọdún 2010 àti àwọn tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a jọ ka hadiisi nípa àwọn ọmọláńgidi Ìyá wa Aisha. Ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ kan wà láàárín wọn, àkísà ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ rẹ̀. Ànábì (S.A.W.) bèèrè ohun tí ó jẹ́, ó tún bèèrè ohun tí ó wà lára rẹ̀, ó gbọ́ àlàyé ọmọdébìnrin náà lórí ẹṣin Ànábì Sulaiman, ó sì rẹ́rìn-ín. Ad-Damiri pàápàá, tí ó kú ní ọdún 1405, kò yọ ẹyẹ Anqa tí ojú kò rí sílẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹranko. Ohun tí ó ká wa lára nínú hadiisi yẹn ni pé ó bèèrè. Àwa kò bèèrè kí a tó fa káàdì ọmọ ọlọ́mọ ya.

Ní sáà yìí, a bẹ ọmọ náà níwájú kíláàsì kan náà. Ó kó èyí tí ó kù wá, a jókòó tì í, a sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó jẹ́ labalábá, a kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Èyí tí ó jẹ́ ejò, òun ni ó sọ ọ́ fún wa. Mẹ́ta ni a yà sọ́tọ̀ pé kí ó má mú wá sí ilé-kéwú mọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ ọ́.