Ẹ Yé Pe Àwo Orin Los Lobos Ti 1988 Ní Ìfàsẹ́yìn

Èrò kan wà tí ó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ orin, òun náà sì ni pé bí olórin bá ti gòkè òkìkí tán, tí ó tún padà sídìí orin àwọn baba ńlá rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó ń rìn sí. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe fún La Pistola y El Corazón, àwo orin tí ẹgbẹ́ Los Lobos gbé jáde ní 1988. Wọ́n ní owó ni àwọn ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ara wọn tì dànù. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá.

Ta ni ń jẹ́ Los Lobos? Ní apá ìlà-oòrùn ìlú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, ni David Hidalgo, Louie Pérez, Cesar Rosas àti Conrad Lozano ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1973. Ọmọ Chicano ni wọ́n, èyíinì ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò. “Àwọn Ìkookò” sì ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ta lọ́mọdé. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé gìtá oníná jù sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí àwo orin ayé àwọn òbí wọn, wọ́n sì ń kọ́ ohun-èlò Mẹ́síkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òde ìgbéyàwó àti ilé oúnjẹ ni wọ́n ti ń ṣeré. Ẹni tí ó padà wọ yàrá tí ó ti ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni yóò ní ó ṣìnà?

Àwọn alátakò a máa sọ pé orin “La Bamba” ti 1987 ni ó sọ wọ́n di ẹni ńlá, àti pé irú rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa kọ lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ni “La Bamba” fúnra rẹ̀? Orin ìbílẹ̀ agbègbè Veracruz ni, ní etíkun Mẹ́síkò, níbi tí ohùn àwọn onílẹ̀, ti àwọn ará Sípéènì àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ti pò pọ̀. Ritchie Valens ni ó kọ́kọ́ fi rọ́ọ̀kì gbé e ní 1958. Valenzuela ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí ń gbé àwo rẹ̀ jáde ni ó gé orúkọ náà kúrú kí rédíò lè gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàálù já pẹ̀lú rẹ̀ ní 1959. Nígbà tí Luis Valdez ṣe fíìmù nípa ayé rẹ̀ ní 1987, Los Lobos tún orin náà kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó sì fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Inú ọgbà tí àwọn alátakò ń pè ní ààtàn yìí gan-an ni a ti wú iṣu tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń lá ètè!

Ọ̀rọ̀ náà kọjá orin pàápàá. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ tí ó ti ìdílé Mẹ́síkò wá sọ èdè Sípéènì. Pàṣán sì ni èrè rẹ̀ níbòmíràn. (Ẹni tí ó bá ti san owó ìtanràn rí ní kíláàsì nítorí pé ó sọ Yorùbá kò nílò ògbifọ̀ níhìn-ín.) Ní oṣù kẹta 1968, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlà-oòrùn Los Angeles jáde kúrò ní kíláàsì, wọ́n ń bèèrè ẹ̀kọ́ tí ó bọ̀wọ̀ fún èdè àti ìtàn wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ Garfield wà lára àwọn tí ó jáde. Garfield yìí náà ni Hidalgo àti Pérez ti pàdé ara wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń wò fi èdè Sípéènì kọ odidi àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ta ni ó gbójú gbóyà láti pe èyíinì ní ìfàsẹ́yìn? Èdè tí a ti fi ń na ọmọ ni wọ́n gbé sórí àga.

Ẹ gbọ́ àwo náà fúnra rẹ̀. Orin mẹ́sàn-án péré ni, kò sì tó ààbọ̀ wákàtí. “La Guacamaya” wá láti Veracruz, “El Gusto” láti ilẹ̀ Huasteca. Ohun-èlò bí jarana, gìtá kékeré tí a gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo, ń dún níbẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni guitarrón, gìtá oníkùn ńlá tí ń pèsè ohùn ìsàlẹ̀. Akọ́díọ̀nù náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ará Jámánì gbé wá sí agbègbè Texas àti àríwá Mẹ́síkò, tí àwọn onílé sì sọ di tiwọn, bí I. K. Dairo ti sọ ọ́ di ti jùjú lọ́dọ̀ tiwa. Iṣẹ́ ọ̀lẹ kọ́ ni èyí. Ẹni tí ó mọ gìtá oníná ta dáadáa lè jókòó ti jarana fún ọdún kan kí ọwọ́ rẹ̀ má mọ̀ ọ́n lù.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì ṣe bí ẹni tí ń ṣọ́ òkú. Méjì nínú orin náà, tí àkọlé àwo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n fúnra wọn hun. “Que Nadie Sepa Mi Sufrir” kì í tilẹ̀ ṣe ti Mẹ́síkò. Ángel Cabral ará Argentina ni ó ṣe ohùn rẹ̀. Steve Berlin tí ń fun sakisofóònù nínú ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ọmọ Chicano.

Òótọ́ ni pé àwo náà kò tà bí ti “La Bamba”. Òótọ́ sì ni pé èdè Sípéènì pàápàá jẹ́ èdè aṣẹ́gun ní Mẹ́síkò, ó bá àwọn èdè tí ó ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé. Ṣùgbọ́n iye tí a tà kọ́ ni ẹ̀rí ohun tí a ṣe. Ní 1990 ni àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy. Ní 1992 ni ẹgbẹ́ kan náà gbé Kiko jáde, àwo tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ kà sí èyí tí ó ta yọ jù lọ nínú iṣẹ́ wọn, tí rọ́ọ̀kì àti orin ìbílẹ̀ ti gba ara wọn mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti yà wọ́n. Títí di 2021 ni wọ́n ṣì ń gbé àwo jáde, tí wọ́n fi Native Sons kọ orin àwọn ará ìlú Los Angeles tiwọn. Kí àwọn tí ó ní wọ́n ti rìn sẹ́yìn wá fi ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti yẹ̀ hàn.