Ayò kì í ṣe tẹ́tẹ́

Sí Olóòtú,

Àròkọ yín tó pa ayò tí wọ́n ń ta ní Bantè àti Savalou pọ̀ mọ́ póókà, tó ní oríire ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ṣi ọ̀rọ̀ gbé. Nínú póókà, káàdì wà ní ìpamọ́. Ojú ẹnìkejì la fi ń méfò. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ 48, gbogbo rẹ̀ sì wà ní gbangba. Bí ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta dáadáa, bá ń kó odù jọ, ìyẹn ọmọ púpọ̀ sínú ihò kan, ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n ta ti fojú ka ọmọ inú rẹ̀, ó ti mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. Ẹni tó bá jẹ ọmọ 25 ló borí. Ìṣirò nìyẹn, kì í ṣe oríire. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàtúnṣe.

Òǹkàwé yín kan,
Bantè.