Afẹ́fẹ́ Náà Wúwo: Ẹ Yé Sọ Pé Yorùbá Kò Lè Gbé Físíìsì

Gbólóhùn kan wà tó ti sú wa: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ Yorùbá, ẹ máa kọ́ oríkì àti ìjálá yín lọ. Èdè yín ò lè gbé físíìsì." Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń ka sáyẹ́ǹsì ń sọ ọ́, àwọn olùkọ́ kan sì ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba náà gba ọ̀nà yẹn. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì.

A ò ní fi ariwo dáhùn. A ó mú ìbéèrè físíìsì kan tó le, a ó sì dáhùn rẹ̀ ní èdè tí ọdẹ Ìjàgbó máa gbọ́ láìsí ògbufọ̀. Ìbéèrè náà nìyí: nínú ìbọn afẹ́fẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, bí a bá pààrọ̀ gáàsì tó ń ti ọta jáde, ṣé ìbọn náà á ṣì máa gbá ni léjìká bákan náà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ṣakabùlà. Kò sí ọdẹ tí kò mọ̀ pé ìbọn ń ti ni sẹ́yìn. Newton kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé ní 1687: bí ohun kan bá ti òmíràn, òmíràn náà á tì í padà bákan náà. Ọmọ Ọ̀fà tó bá ti wọ ìjàkadì rí ti mọ èyí ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé ọta nìkan ni wọ́n ń kà. Gbogbo ohun tó bá gba ẹnu ìbọn jáde ló ń ti ìbọn sẹ́yìn, títí kan èéfín. Ẹ̀tù kì í pòórá. Bó bá jóná tán, ó ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ tó ń di èéfín àti ẹ̀gbin líle, ìyókù ló ń di gáàsì. Ọdẹ tó bá bu ẹ̀tù kún ẹ̀tù ti di ẹrù méjì lé èjìká ara rẹ̀: ọta á yára sí i, ohun tó ń tẹ̀ lé ọta jáde á sì wúwo sí i. Bí ọ̀pá ìbọn ò bá gbà á, ó lè bẹ́ mọ́ ọn lójú. Ẹ̀kọ́ tó lè dá ojú ènìyàn sí ni, kì í ṣe ti ìdánwò nìkan.

Ẹnìkan á ní, "Ìbọn afẹ́fẹ́ ò ní ẹ̀tù, afẹ́fẹ́ ò sì wúwo. Kí ló fẹ́ gbá ni?" Irọ́ gbáà ni. Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Àwọn ọmọ ogun Austria lo èyí tí Girandoni ṣe láti nǹkan bí 1780, Lewis àti Clark sì gbé irú rẹ̀ kan dání nígbà tí wọ́n ń la Amẹ́ríkà já láàárín 1803 sí 1806.

Ẹ wo ìṣirò. Ká ní sílíńdà ìdajì lítà ni, tí a pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sí i dé 200 bar. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 120. Bí yíyìn kan bá lo ìdá kan nínú mẹ́wàá, gíráàmù 12 ló jáde yẹn. Ọta mìíràn ò wúwo tó bẹ́ẹ̀! Ẹ fẹ́ bàlúùnù, kí ẹ má so ó, kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Kò sí ọta kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń sá kiri yàrá. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde ló ń tì í.

Wàyí o, ẹ fi helium rọ́pò afẹ́fẹ́ nínú sílíńdà kan náà, ní 200 bar kan náà. Ìwúwo rẹ̀ ò ju nǹkan bí gíráàmù 16 lọ, torí ìdá kan nínú méje afẹ́fẹ́ ni helium wúwo. Lóòótọ́, gáàsì tó fúyẹ́ ń yára jáde ju èyí tó wúwo lọ, àmọ́ eré yẹn ò tó láti dí àlàfo ìwúwo tó dín kù. Ìpín gáàsì nínú títì sẹ́yìn á wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má yára pàtẹ́wọ́. Helium kì í rẹ̀yìn lẹ́yìn ọta bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe, nítorí náà ọta á yára sí i, ìpín tirẹ̀ á sì gòkè. Ẹni tó bá ní helium ń pa títì sẹ́yìn rẹ́ ti sọ ìdajì òtítọ́. Nitrogen ńkọ́? Ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti afẹ́fẹ́ dọ́gba, torí òun ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́. Èjìká ò ní mọ ìyàtọ̀. Carbon dioxide wúwo ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó mú díẹ̀, agbára rẹ̀ nínú sílíńdà ò kọjá nǹkan bí 57 bar, bí ọyẹ́ bá sì mú, á tún wálẹ̀ sí i. Kò lè ti ọta ńlá dáadáa. Oxygen ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dán an wò: bó bá pàdé òróró nínú ìbọn, ó lè bú gbàmù.

Ó tán. Èwo nínú rẹ̀ ni Yorùbá ò lè gbé? A yá orúkọ gáàsì mélòó kan lò, bí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe yá helium lọ́wọ́ èdè Gíríìkì. Àlàyé náà, tiwa ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Kódà wọ́n ṣe dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba tó bá fẹ́ fagi lé èdè abínibí, kó kọ́kọ́ dáhùn èyí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, iṣẹ́ kù fún yín. Ẹ mú ìbéèrè tó le jù lọ nínú ìwé yín wá, kí a jọ jókòó kọ ìdáhùn rẹ̀ ní Yorùbá. Bí a bá kùnà, ẹ fi wá ṣẹ̀sín. Àmọ́ ẹ dán an wò ná kí ẹ tó sọ pé kò ṣeé ṣe.