Ìkọ́ṣẹ́ Ni Tàbí Ìṣẹrú?

Ọmọ pólì dé, ó mú ìwé lọ́wọ́ pé òun wá kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Kí ni àwọn ọ̀gá kan fi ń kí i káàbọ̀? Ìgbálẹ̀! "Lọ ra ẹ̀wà wá. Lọ fọ mọ́tò." Oṣù mẹ́rin pé, ọ̀nà ilé ìyá ẹlẹ́wà nìkan ló mọ̀. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Àpò bàbá rẹ̀ ló ti ń jáde.

Ṣé torí èyí ni wọ́n ṣe dá ètò SIWES sílẹ̀ lọ́dún 1973? Rárá o! Kí ọmọ lè fọwọ́ kan ohun tó kà nínú ìwé ni.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó wá sí Ìbàràpá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà wá sí Igbó-Ọrà. Àárín ìlú ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń wọ agboolé, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn lójú olùkọ́ wọn. Ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn!

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní Yúróòpù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbaninímọ̀ràn lórí ètò ìlú. Lọ́dún 2020, ilé aṣòfin wọn bẹnu àtẹ́ lu ìkọ́ṣẹ́ tí kò lówó nínú.

Ọmọ tálákà Èrúwà ò lè jẹ afẹ́fẹ́ l'Ékòó fún oṣù mẹ́rin. Ọmọ olówó nìkan ló lè lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fún wọn níṣẹ́ gidi àti owó ọkọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lọ wò wọ́n níbi iṣẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹni tó fọmọ ẹlòmíì ṣẹrú lónìí, ó ń ba ọ̀la gbogbo wa jẹ́ ni.