Ọkọ̀ Ogun Inú Ìtàn Aláwòrán àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ní sáà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ kan, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àrokọ. Láàárín ẹ̀kọ́ náà, ó já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, ó sì gbé e wá fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọmọ náà kò fọkàn sí iṣẹ́. Ọkọ̀ ogun ni ọmọ yìí yà sínú ìwé: ẹsẹ̀ mẹ́fà, ìbọn àgbá méjì, kò sì sí ilẹ̀kùn kankan. Mo pe ọmọ náà, mo bi í pé, "Ibo ni awakọ̀ ń gbà wọlé?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, abẹ́ ni wọ́n ń gbà wọlé, kí ọ̀tá má baà rí wọn."

Ìdáhùn yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé yíya ọkọ̀ ogun fún ayé inú ìtàn àròsọ ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì kì í ṣe eré ọwọ́-dilẹ̀. Iṣẹ́ ìrònú ni, iṣẹ́ èdè sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí yóò ṣe é dáadáa ní ìbéèrè mẹ́ta láti dáhùn: Irú ilẹ̀ wo ni ọkọ̀ náà ń tẹ̀? Àwọn wo ni ó wà nínú rẹ̀? Kí ni wọ́n ń pè é?

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ilẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 1903, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará Bìrìtìkó, gbé ìtàn kan jáde nínú ìwé ìròyìn Strand, àkọlé rẹ̀ ni The Land Ironclads. Nínú ìtàn náà, àwọn ọmọ ogun méjì kojú ara wọn nínú yàrà, kò sì sí èyí tó lè borí. Yàrà yìí ni ó bí ọkọ̀ inú ìtàn náà: ọkọ̀ ńlá onírin tí a de ẹsẹ̀ mọ́ etí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ó lè kọjá lórí kòtò. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1916, ni àwọn Bìrìtìkó kọ́kọ́ kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ojú ìjà gidi ní ilẹ̀ Faransé. Ní ti ìtàn aláwòrán gan-an, Masamune Shirow, ará Japan, bẹ̀rẹ̀ Ghost in the Shell ní ọdún 1989. Ìlú ńlá ni ogun inú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ Fuchikoma kéré, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó ní, ó sì ń gun ògiri bí aláǹtakùn. Ilẹ̀ ni ó pàṣẹ fún ìrísí ọkọ̀ méjèèjì.

Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù lójú tèmi. Ọkọ̀ ogun ọdún 1916 yẹn tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 28. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Inú yàrá kan náà ni àwọn ènìyàn àti ẹ́ńjìnnì wà. Ooru mú wọn, èéfín bò wọ́n, ariwo sì pọ̀ débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àpèjúwe fún ara wọn. Nínú 49 tí wọ́n pèsè fún ìjà ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ló bà jẹ́ tàbí kó rì sínú ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ya ìhámọ́ra àti ẹnu ìbọn nìkan kò tíì ya ọkọ̀ ogun, àfi bí ó bá mọ ẹni tó ń làágùn nínú rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ dá àwọn tó lè sọ pé ogun ni à ń kọ́ ọmọdé lóhùn. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe asán, nítorí ojú wa ti rí ogun rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo Eagle, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé tí ó jáde ní Bìrìtìkó ní oṣù kẹrin ọdún 1950. Àlùfáà ìjọ ni Marcus Morris tí ó dá a sílẹ̀, ohun tó sì bí i nínú ni àwọn ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kún fún ìpayà. Frank Hampson ni ó ya Dan Dare, ọ̀gágun ojú òfuurufú, sínú rẹ̀. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ a máa mọ àwòkọ́ṣe àwọn ọkọ̀ náà kí wọ́n tó yà wọ́n. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí wọ́n rán Dan Dare, oúnjẹ ni wọ́n ní kí ó wá lọ sí Àgùàlà, nítorí ebi ń pa ayé. Ọmọ tí a bá bi léèrè ẹni tó wà nínú ọkọ̀ àti ohun tó gbé e jáde nílé yóò mọ iye tí ogun ń náni ju ọmọ tí a já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè kẹta kàn wá ní tààrà. Orúkọ tí àwọn Bìrìtìkó fi bo àṣírí ọkọ̀ wọn ni táńkì: wọ́n ṣe bí ẹni pé ohun ìgbomi ni wọ́n ń rọ. Táńkì náà ni a ń pè é títí di òní, òun náà sì ni èyí tí a gbé omi sínú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Dan Dare ní tirẹ̀ ní ọkọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Anastasia, orúkọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Digby. Orúkọ yẹn sọ irin di ará ilé.

Nígbà tí mo ní kí ọmọ kíláàsì yẹn kọ orúkọ sí ara ọkọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, ìbọn àti táyà nìkan ni ó rí kọ. Ìtìjú bá mi, nítorí èdè wa kò ṣaláìní: yàrà, odi, ìhámọ́ra, ìbọn àgbá, ẹtù, ọta, alóre. A kò kọ́ ọ ni. Bẹ́ẹ̀, ayé kò dúró dè wá. Roye Okupe gbé Iyanu jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn aláwòrán ní ọdún 2021, ó sì di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2025. Orúkọ àti àṣà Yorùbá kún inú rẹ̀, ó sì wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí a kò bá múra, àwọn ọmọ wa yóò máa fi èdè ẹlòmíràn ro ọjọ́ ọ̀la tiwọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ọmọ, ẹ má ṣe fà á ya. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó fi Yorùbá kọ ìdáhùn rẹ̀ ní àrokọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ náà ti ya ọkọ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi pè é kù sí wa lọ́wọ́.